Ẹ̀yìn Ewé Gbọ̀rọ̀

Ọjọ́ kẹta rèé tí Tíṣà Bámgbóyè àti Monínúọlá ìyàwó rẹ̀ ti ń yan ara wọn lódì. Bí ẹnì kan bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún ẹnì kejì, ẹnu Dùnmínínú ọmọ wọn ni wọ́n ń gbà sọ ọ́. “Dùnmínínú, sọ fún màmá rẹ pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ yìí.” “Dùnmínínú, sọ fún bàbá rẹ pé ẹni tí iyọ̀ bá pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ kó mu omi sí i.” Inú yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì sì jókòó sí o! Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ti gba ìwé ẹ̀rí ní yunifásítì, ni wọ́n sọ di wáyà tẹlifóònù.

Gbọ̀rọ̀ ló dá ìjà náà sílẹ̀. Monínúọlá gbin elégédé sí àkùrọ̀ kan lójú ọ̀nà Ìlawẹ̀. Ewé elégédé yìí, tí à ń pè ní gbọ̀rọ̀, ni ó ń já tà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀fọ́ bá wọ́n, yóò sì fi èso rẹ̀ sílẹ̀ kó gbó. Lọ́dún yìí, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, òmíràn funfun lójú bí ẹni pé wọ́n fi eérú pa á. Monínúọlá ní nǹkan kan ń jẹ ẹ́. Tíṣà ní rárá, ajílẹ̀ ni kò tó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀, ta ni yóò wá kọ́ òun? Ó da ajílẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó tún dà á lẹ́ẹ̀kejì. Ewé yọ lóòótọ́, ó tutù, ó gbòòrò, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó tún ti funfun ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà tí Monínúọlá sọ lójú àwọn ará ìjọ pé “Ajílẹ̀ Tíṣà ti fẹ́ pa gbọ̀rọ̀ mi tán” ni odì bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé yìí, Tíṣà jáde sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Kò rí Monínúọlá nídìí iná, kò sì rí apẹ̀rẹ̀ ńlá rẹ̀ níbi tó máa ń dojú rẹ̀ dé sí. Dùnmínínú ń fọ aṣọ létí kànga.

“Dùnmínínú, ṣé o jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán ọ lánàá?”

“Mo jẹ́ ẹ, Dádì. Mo ní ẹ ní kí wọ́n má já gbọ̀rọ̀ kankan títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀.”

“Kí ni wọ́n wá wí?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún gbé e mì. “Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé bàbá àwọn ló fún àwọn ní àkùrọ̀ yẹn, kì í ṣe Tíṣà. Wọ́n ti lọ já a láti ìdájí. Ìgbà tí wọ́n yà mú àpótí ìjókòó wọn ni mo jí. Wọ́n á ti dé Ọjà Ọba báyìí.”

Pákò bọ́ lẹ́nu Tíṣà. Ó rọra jókòó sí etí kànga.

“Mo fín oògùn sí i,” ó wí. “Ní ìrọ̀lẹ́ àná. Oògùn kòkó.”

“Oògùn kòkó kẹ̀? Sára ẹ̀fọ́ tí èèyàn fẹ́ jẹ? Dádì! Kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?”

Ìdáhùn wà lọ́kàn rẹ̀, kò kàn ṣeé sọ jáde fún ọmọ ni. Bó bá sọ pé òun fín oògùn, ó ti gbà nìyẹn pé kòkòrò ló wà lára ewé, kì í ṣe ebi ajílẹ̀, Monínúọlá ló sì jàre. Ìdí nìyẹn tó fi gé iṣẹ́ tó rán sí méjì, tó fi àṣẹ ránṣẹ́ tó sì gbé ìdí rẹ̀ pa mọ́ sínú. Ó rò pé àṣẹ ọkọ tó. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò sọ fún wa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹyin tí èèyàn jókòó lé lórí títí tó fi bàjẹ́ sábẹ́ ẹni.

Òórùn irú àti epo pupa sì ń bọ̀ láti ilé kejì. Tíṣà gbé orí sókè.

“Màmá rẹ ò fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ládùúgbò yìí, àbí?”

Dùnmínínú ti ń sáré lọ, Tíṣà sì tẹ̀ lé e.

Olúfúnkẹ́, tí gbogbo Bàsírì mọ̀ sí Ìyá Tóbi, wà nídìí ìkòkò rẹ̀, ó ń ro ọbẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ o, Tíṣà! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Dùnmínínú o. Gbọ̀rọ̀ tó fún mi yìí tutù yọ̀yọ̀, kò tilẹ̀ gba…”

Tíṣà kò kí i padà. Ó fi etí bùbá rẹ̀ di ìkòkò mú, ó gbé e kúrò lórí iná, ó dojú rẹ̀ dé sínú gọ́tà. Ẹja tútù, pọ̀nmọ́, epo, gbogbo rẹ̀ lọ.

“Tíṣà,” Olúfúnkẹ́ wí wẹ́rẹ́, “kí ni mo fi ṣe yín?”

Dùnmínínú ló ṣàlàyé fún un. Obìnrin náà fi ọwọ́ kan ètè ara rẹ̀. “Mo ti tọ́ ọ wò,” ó wí. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tọ́ ọ wò. Mo ní bóyá iyọ̀ ò tíì dé e.”

Wọn kò dúró ro ẹjọ́. Dùnmínínú mú un, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn. Tíṣà náà gun tirẹ̀ lọ sí ọjà pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀. Lórí ọ̀kadà ló ti rántí ìgò ọ̀hún. Ìgò ike tí wọ́n fi ń ta omi mímu ni, ọkùnrin kan tó ń kiri létí ọjà ló bù ú fún un láti inú kẹ́ẹ̀gì ńlá. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀, kò sí orúkọ, kò sí iye ọjọ́ tó yẹ kí èèyàn dúró kó tó já ohun tó fín in sí. “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa fín in, bàbá, kòkòrò ò ní mọ ilé bàbá rẹ̀ mọ́.” Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ nìyẹn, Tíṣà sì sanwó. Bí wọ́n ṣe ń ta ikú fún wa káàkiri nìyí, kò sẹ́ni tó ń mú wọn. Kò sì sẹ́ni tó fi tipátipá tà á fún wa.

Ìlà àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti kún nígbà tó dé Ọjà Ọba. Monínúọlá rí i lókèèrè, ó sì yíjú sí obìnrin tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń bọ̀ yẹn kó má dí ọ̀nà oníbàárà mi.”

“Monínú,” Tíṣà wí. Ó ń mí hẹlẹ. “Má tà á mọ́. Oògùn wà lára rẹ̀. Mo fín oògùn kòkó sí i lánàá.”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá aya rẹ̀ sọ láti Ọjọ́bọ̀ nìyẹn.

Monínúọlá wò ó. Ó wo sálúbàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fa aṣọ bo apẹ̀rẹ̀, ó sì dìde láìpariwo. Àwọn yòókù ló pariwo fún un.

“Ẹ gbọ́ o! Wọ́n fẹ́ fi ẹ̀fọ́ pa wá lọ́jà!”

“Tíṣà tó mọ̀wé náà nìyí o!”

“Ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run,” ìyá arúgbó kan tó ń ta ata wí.

Obìnrin ẹlẹ́wà rọra ká ẹnu àpò ẹ̀wà rẹ̀ pọ̀, ó sì ń wo ibòmíràn. Gbogbo ìlà náà mọ ohun tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó wò ó, òun náà kò sì wo ẹnikẹ́ni.

“Ìdì ọgbọ̀n ni mo gbé wá,” Monínúọlá wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. “Mẹ́sàn-án ló kù. Àtinúkẹ́ olóúnjẹ gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó wà ní ìlà yìí ra mẹ́rin.”

Wọ́n gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà lójú ẹsẹ̀, ó dá owó wọn padà fún wọn. Tíṣà ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. “Méjìdínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Méjì tó kù ńkọ́?”

“Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ bá Àtinúkẹ́,” Monínúọlá wí. Ó ti ń lọ.

Ní Adébáyọ̀, èèyàn mẹ́rin ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ilé oúnjẹ Àtinúkẹ́, wọ́n ń retí iyán. Gbọ̀rọ̀ wà nínú abọ́ ńlá, wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Epo àti ata ti ń hó lórí iná. Ìgbà tí Àtinúkẹ́ rí Tíṣà, ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, nítorí ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ni nígbà kan. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tó fi gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. Ó dìde, ó gbé abọ́, ó dà á nù sẹ́yìn ilé, ó fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì padà wá.

“Tíṣà,” ó wí, “ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní Àgíríkì. Ẹ máa ń mú kí gbogbo kíláàsì kà á sókè: ka ara ìgò kí o tó ṣí i. Ẹ nà mí nítorí rẹ̀ rí, nítorí mo gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò.”

Wọ́n ti na Tíṣà tán nìyẹn, ẹgba kan kò sì kàn án.

Lójú títì ni Monínúọlá tó sọ ti ìdì méjì yòókù. Aláboyún kan ló rà á, ó wọ búùbù aláwọ̀ búlúù, ó fa ọmọ kékeré kan lọ́wọ́ tí bàtà ọmọ náà yí òdì. Kì í ṣe oníbàárà rẹ̀, kò rí i rí. Obìnrin náà ní nọ́ọ̀sì ló ní kí òun máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, pé ẹ̀jẹ̀ òun kò tó.

“Ọ̀nà wo ló gbà?”

“Ó gba iwájú mi lọ sínú èrò.”

Wọ́n padà sí ọjà, wọ́n wá a. Wọ́n bi àwọn alápatà, wọ́n bi àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta. Aláboyún mélòó ló wà ní Adó-Èkìtì? Ní nǹkan bí ago mọ́kànlá, wọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan láti san owó ìkéde. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì bi Tíṣà pé, “Orúkọ ta ni ká fi sí i, sà? Ẹ lè ní kí a kàn sọ pé àgbẹ̀ kan.” Monínúọlá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà mú bírò, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ ní kíkún, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Àkùrọ̀ ni wọ́n kọrí sí láti ibẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá má baà já nínú rẹ̀. Bí wọ́n ti ń fi okùn yí i ká ni wọ́n rí Ilésanmí nínú oko tirẹ̀, èyí tí omi kékeré kan pààlà pẹ̀lú tiwọn. Bàbá náà kò mọ ìwé. Gbọ̀rọ̀ tirẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Ó ti gé kẹ́ẹ̀gì epo aláwọ̀ yẹ́lò sí wẹ́wẹ́, ó fi wọ́n kọ́ orí igi káàkiri oko, ó sì fi nǹkan pa wọ́n lára. Ààlè ni Tíṣà pe ohun tó kọ́ yìí láti ìgbà tó ti rí i, ó ní oògùn tí ó fi ń de olè ni. Kò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́, ó tilẹ̀ gbàdúrà sí i nínú ìpàdé àwọn àgbà ìjọ.

“Ààlè kẹ̀?” Ilésanmí wí nígbà tí Monínúọlá bi í níjọ́ náà gan-an. Ó fa kẹ́ẹ̀gì kan yọ, ó gbé e fún Tíṣà. “Gírísì ọkọ̀ ni mo fi pa á. Ẹ wò ó dáadáa.”

Tíṣà gbé e súnmọ́ ojú. Kòkòrò funfun wínníwínní ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n kéré, bí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀.

“Àwọ̀ yẹ́lò ló ń wù wọ́n. Ujọ́ tí mo bá ti rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára rẹ̀, mo ti mọ̀ pé wọ́n ti dé nìyẹn. Mo á wá yí ewé wò. Ẹ̀yin ẹ yí i wò rí?”

Bàbá náà fo omi wá sọ́dọ̀ wọn. Ó fi ọwọ́ kan gbọ̀rọ̀ Monínúọlá, eṣinṣin funfun tú jáde lábẹ́ rẹ̀ bí eérú tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Ó yí ewé náà padà. Àwọn ọmọ wọn lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu. Ìgbẹ́ wọn ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oyin, ó sì ti ń dúdú. Gbogbo wọn ló wà láàyè. Orí ewé ni Tíṣà fín oògùn sí. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Òwe náà wà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré, kò kàn bẹ̀rẹ̀ wò ó ni.

“Omi ọṣẹ ni mo fi ń fín in,” Ilésanmí wí. “Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń fín in lọ sókè, kí oòrùn tó mú. Ní ọjọ́ kejì, mo á tún ṣe é. Ewé tó bá ti gbó tí wọ́n pọ̀ lára rẹ̀, mo á já a, mo á jó o. Ajílẹ̀ tí ẹ dà yẹn, Tíṣà, ẹ dárí jì mí, uyán lẹ gún fún wọn. Ewé tó bá rọ̀ jù ni wọ́n ń fẹ́.”

Ohun tí oògùn náà pa ni oyin. Òkú wọn wà nínú òdòdó elégédé, méjì síhìn-ín, mẹ́ta sọ́hùn-ún. Ó pa àwọn kòkòrò pupa kéékèèké tó ní àmì dúdú lẹ́yìn pẹ̀lú, àwọn tí Tíṣà fúnra rẹ̀ ti ya àwòrán wọn sójú pátákó rí, pé ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n, pé wọ́n ń jẹ kòkòrò tó ń ba ohun ọ̀gbìn jẹ́.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, bàbá?”

“Mo wá s'úlé yín lẹ́yìn Kérésì,” Ilésanmí wí. “Ẹ ní kí n dúró lẹ́nu géètì. Nígbà tó pẹ́, mo lọ.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí, Tíṣà rántí. Ó rò pé bàbá náà fẹ́ gbé ààlè rẹ̀ wọ ọgbà òun ni. Àwọn àgbà ní gbogbo òtòkùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ó dúró nínú àkùrọ̀ pẹ̀lú ègé kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, ó dùn ún wọra.

Wọ́n fa gbogbo rẹ̀ tu kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Monínúọlá ló bẹ̀rẹ̀. Ìtàkùn tó ti ń so elégédé kéékèèké, ó fà á, ó sì kó o jọ. Tíṣà gbẹ́ ihò, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n odì kọ́.

Ní ago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé rédíò sí àárín tábìlì, wọ́n gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìkéde náà jáde lẹ́yìn orin kan. “Ìyá aláboyún tó wọ búùbù búlúù, tó ra ìdì gbọ̀rọ̀ méjì ní Ọjà Ọba lówùúrọ̀ òní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sè é, ẹ má jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́, ẹ yára lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn wà lára rẹ̀. Èmi Olúgbénga Bámgbóyè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo fín in.” Àwọn aládùúgbò tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn fèrèsé dákẹ́ láti gbọ́ ọ. Kò pẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀.

Fóònù dún. Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a ṣubú. Dùnmínínú ni, láti ilé ìwòsàn. Ìyá Tóbi bì lẹ́ẹ̀kan, orí ń fọ́ ọ, ṣùgbọ́n dókítà ní yóò sàn. Wọ́n á dá a dúró di ọ̀la.

“Ọlọ́run, a dúpẹ́,” Tíṣà wí. Ó gbé fóònù padà sí àyè rẹ̀, ó sì kọ ojú rẹ̀ sókè.

Wọ́n retí. Orin mìíràn wọlé, ìròyìn wọlé. Kò sẹ́ni tó pè. Monínúọlá lọ sídìí iná, ó tẹ ẹ̀bà, ó bu ọbẹ̀ ata tí kò sí ẹ̀fọ́ nínú rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

“Ẹ jẹun, Bàbá Dùnmínínú.”

Tíṣà bu òkèlè kan, kò lè gbé e dé ẹnu. Ó wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi tu obìnrin náà nínú, tàbí tí yóò fi tu ara rẹ̀ nínú.

“Ìdì méjì péré ni, Monínú. Ìdì méjì ò pọ̀. Bó bá fọ̀ ọ́ dáadáa, bóyá…”

“Ìdì méjì kọ́.”

Tíṣà wò ó.

“Mo ṣe ènì fún un,” Monínúọlá wí. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde, ó fi bí ó ṣe bu ú hàn án. “Ọ̀mùnú orí rẹ̀, èyí tó tutù jù, ni mo ṣà fún un. Ó dúpẹ́, ó ní kí ọmọ rẹ̀ dúpẹ́. Mo ní kó lọ sè é, kó lè ní ẹ̀jẹ̀.”